Ẹ Bá Wa Dá Ìtàn Ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ Padà Sínú Ìwé Ìròyìn

Ọ̀gá Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú làálàá èdè wa.

Ìwé ìtàn àròsọ Yorùbá ni mo fi gbogbo oṣù keje kà. Òjò ò jẹ́ kí n rìn, iná ò sì jẹ́ kí n wo tẹlifíṣọ̀n, ni mo bá kúkú dojú kọ ìwé. Ohun tí mo bá pàdé níbẹ̀ ló mú mi kọ̀wé sí yín, torí ọ̀rọ̀ náà kàn yín gan-an.

Tí wọ́n bá ti ní ìwé ìtàn Yorùbá, Fágúnwà ni gbogbo wa máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Ó tọ́ sí baba. Láti 1938 tí Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti jáde, ipò iwájú ò tíì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àmọ́ kì í ṣe òun nìkan ni Ọlọ́run fún ní gègé.

Ẹni tó gba ọkàn mi lóṣù náà ni Ọládẹ̀jọ Òkédìjí. Réré Rún, eré oníṣe rẹ̀ nípa àwọn òṣìṣẹ́, nìkan ni mo fi mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Àṣé ó ti kọ Àjà Ló Lẹrù ní 1969 àti Àgbàlagbà Akàn ní 1971, tí kò sí iwin, tí kò sí egbére nínú wọn: olè, ọlọ́pàá, mọ́tò àti ariwo ìgboro ló kún ibẹ̀. Lápàdé, ẹni tó ti ṣiṣẹ́ ọlọ́pàá rí, ló ń tọpa àwọn ọ̀daràn. Háà, ọ̀rọ̀ ń bẹ lẹ́nu ọkùnrin yìí! Bí nǹkan ṣe le tó, á máa pòwe, á máa kọrin, á sì máa fi èdè dídùn bú èèyàn. Nígbà míì mo máa ń fẹ́ kó panu mọ́ kó sáré, torí àwọn olè ń lọ. Bẹ́ẹ̀, tó bá dákẹ́ lóòótọ́, kí ló kù? Ẹnu rẹ̀ gan-an ni adùn ìwé náà. Atótó Arére tó tẹ̀lé e ní 1981 kò ní ẹ̀rín púpọ̀ nínú. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló ń rì sínú ìwà ọ̀daràn díẹ̀díẹ̀, mi ò sì lè gbé e sílẹ̀ títí àkùkọ fi kọ.

Ti Kọ́lá Akínlàdé yàtọ̀. Nínú Owó Ẹ̀jẹ̀ (1976), Akin Olúṣínà, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ inú ìwé náà, kì í pariwo, kì í bá èèyàn wọ̀yá ìjà. Á béèrè ọ̀rọ̀, á rò ó síwá sẹ́yìn, kó tó na ìka sí ẹnikẹ́ni. Lójú tèmi ó ti mọ́ tónítóní jù, Lápàdé ni mo bá lọ. Ìyàwó mi ní Akin ni tòun, pé ọkùnrin tó ń ronú kó tó la ẹnu ṣọ̀wọ́n. Mi ò dá a lóhùn. Ẹni tó bá sì jẹ́ pé fíìmù Ó Le Kú tí Túndé Kèlání ṣe ní 1997 nìkan ló wò, kó lọ wá ìwé Akínwùmí Ìṣọ̀lá fúnra rẹ̀ kà. Láti 1974 ló ti wà níta.

Àmọ́ wíwá ìwé ọ̀hún, iṣẹ́ ni. Nílé ìtàwé tí mo kọ́kọ́ yà, ọmọbìnrin tó ń tajà bi mí bóyá ó wà lára ìwé WAEC ọdún yìí. Mo ní kò sí. Ó ní á jẹ́ pé àwọn ò ní in. Lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ìwé àlòkù lẹ́bàá títì ni mo ti padà rí wọn. Èèpo ẹ̀yìn Àgbàlagbà Akàn tèmi ti já dànù, akẹ́kọ̀ọ́ kan sì ti fi báírò fàlà sábẹ́ gbogbo òwe inú rẹ̀, ó ń kọ “òwe”, “àfiwé”, “àsọdùn” sí etí ìwé. Ibi tí àyà èmi ti ń já pì, “àfiwé tààrà” ló kọ síbẹ̀. Àánú ọmọ náà ṣe mí. Ìdánwò ni wọ́n gbé fún un, kò jọ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un pé ìtàn ni.

Ibi tó ti kàn yín rèé, Ọ̀gá Olóòtú. Ní 1929, lẹ́tà kan bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó. Obìnrin aláìsàn kan tó pe ara rẹ̀ ní Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́ ló ń kọ ọ́ sí olóòtú, tó ń ròyìn gbogbo ọkùnrin tó ti bá yí láyé rẹ̀, tó ń sunkún, tó ń fa orin ìjọ yọ. Ta ló ń kọ ọ́? I. B. Thomas, olóòtú náà fúnra rẹ̀! Ó tẹ̀ ẹ́ ní ìwé ní 1930, ọdún mẹ́jọ kí ìwé Fágúnwà tó jáde, ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì gbà pé òun ni ìtàn àròsọ gígùn àkọ́kọ́ lédè Yorùbá. Nínú ìwé ìròyìn bíi tiyín ni wọ́n ti bí i, láàárín irú lẹ́tà tí mò ń kọ lọ́wọ́ yìí.

Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí ẹ ya ìdajì ojú ewé sọ́tọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ìtàn tí yóò máa bá a lọ. Ẹ fi ti ọ̀daràn bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì máa dá a dúró níbi tí wọ́n bá ti ń kan ilẹ̀kùn. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ ìtàn Yorùbá sórí Facebook àti WhatsApp wà níbẹ̀. Ẹni tí yóò bá wọn tún àmì ohùn ṣe, tí yóò sì fún wọn lówó díẹ̀, ni wọn ò rí. Mo mọ̀ pé bébà ti gbówó lórí, ìpolówó ọjà ló sì ń gbọ́ bùkátà. Tí àyè bá há, ẹ gbà á lára ojú ewé tí ẹ fi ń tẹ àwòrán àwọn olóṣèlú níbi òkú àti ìgbéyàwó. Àwọn gan-an kì í ka ohun tó wà níbẹ̀, àwòrán ara wọn nìkan ni wọ́n ń wò.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín láti Ìbàdàn