Àdùkẹ́, Egungun Rẹ Ńkọ́?

Àdùkẹ́ mi,

Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà ní Akóbọ̀? Mo kọ̀wé nítorí bí mo bá pè ọ́ lórí fóònù, wàá ní “Màámi, mo ti gbọ́,” wàá sì gé e. Ọ̀rọ̀ ọtí náà ni. N kò ní kí o má bá ẹgbẹ́ rẹ jókòó ní Bódìjà lọ́jọ́ Jímọ̀. Ìgò mẹ́ta tó ti wá di ojoojúmọ́ yìí ni mo ń wí.

O ní àyẹ̀wò fi hàn pé nǹkan kan ò ṣe ẹ̀dọ̀ rẹ. Ó dáa. Egungun ńkọ́? Lójoojúmọ́ ni ara ń wó egungun tó ti gbó, tó ń mọ tuntun dípò rẹ̀, bí àwọn bíríkìlà tó ń tún ilé alámọ̀ Bẹẹrẹ ṣe. Ọtí àmujù máa ń dá àwọn tó ń mọlé dúró. Àwọn tó ń wó o ò ní sinmi. Ọtí kì í jẹ́ kí ara rí kálísíọ̀mù, èròjà inú oúnjẹ tó ń mú egungun le, gbà dáadáa. Kí wá ni èrè ṣáwá tí ò ń jẹ tegungun-tegungun?

Tiwa obìnrin tún le. Egungun wa kéré sí ti ọkùnrin, omi ara wa ò sì tó tiwọn, nítorí náà bí ìwọ àti àfẹ́sọ́nà rẹ bá mu iye kan náà, tìrẹ ló máa pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀. Ọtí tún lè da nǹkan oṣù rú, kí ẹ́sítírójìn, èròjà ara obìnrin tó ń dáàbò bo egungun, sì dínkù. Egungun tó ń joro kì í dunni títí yóò fi kán: ìbàdí, ọrùn ọwọ́, ọ̀pá ẹ̀yìn. Nǹkan bí ọmọ ọdún 30 ni egungun ń ki dé òpin. Ọdún 26 lo wà yìí.

Ìgò bíà ńlá kan, 60 cl, tí agbára rẹ̀ jẹ́ 5%, ní nǹkan bíi gíráàmù 24 ọtí pọ́ńbélé nínú. Tí àwọn dókítà bá ń ṣírò ewu kí egungun kán, ẹni tó bá ń mu bíi gíráàmù 24 sí 30 lójúmọ́ ni wọ́n ti ń kà mọ́ ọn. Ìgò kan péré nìyẹn o!

Bí o bá jáwọ́, àwọn bíríkìlà yẹn a máa padà sẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí o bá dín in kù tí ọwọ́ rẹ wá ń gbọ̀n láàárọ̀, má dá a gbé. Pè mí, ká jọ lọ rí dókítà ní UCH. N kò ní pariwo.

Èmi ni,
Màámi, Òkè-Àdó.