Ẹ fi Yorùbá kọ́ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ wa

Ẹ̀yin Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá.

Ibi téèyàn bá yíjú sí báyìí, iṣẹ́ ọjọ́ iwájú ni wọ́n ń sọ, wọ́n á ní AI ń bọ̀, kí ọ̀dọ́ tètè lọ kọ́ kóòdù, ó dáa, mi ò bá wọn jà sí i. Ṣùgbọ́n ta ni wọ́n ń kọ́ gan-an? Ètò 3MTT tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2023, tí wọ́n ní àwọn fẹ́ fi kọ́ mílíọ̀nù 3 èèyàn níṣẹ́ kọ̀ǹpútà, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń forúkọ sílẹ̀, gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi ń kọ́ ọ. Ọmọ tó fi prámárì sílẹ̀ tó lọ kọ́ṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá ní Sábó ńkọ́, ìyá tó ń ránṣọ ní Mọ́dákẹ́kẹ́ ńkọ́, aláàbọ̀ ara tó ń tún fóònù ṣe ní Lágere, ibo ni kí wọ́n gbà wọlé?

Iṣẹ́ wáyà ilé ni mò ń ṣe nílẹ̀ Ifẹ̀ yìí. Nígbà tí àwa ń kọ́ṣẹ́, iná NEPA àti jẹnẹrétọ̀ náà ni, ó tán. Látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, tí bẹntiróòlù ti wọ́n gógó, sólà ni gbogbo èèyàn ń béèrè, oníṣọ́ọ̀bù, ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn tó ń ta omi tútù pàápàá. Iṣẹ́ pọ̀ o, àmọ́ kì í ṣe èyí tí ọ̀gá wa kọ́ wa. Bátìrì 12 volt mẹ́rin, tó o bá so wọ́n tẹ̀ léra, 48 volt ni wọ́n máa gbé jáde, tó o bá so pọ́sítífù mọ́ pọ́sítífù, 12 náà ni, àmpù ló máa pọ̀ sí i, ẹni tí ò bá mọ èyí á jó ínfátà oníbàárà, ẹ̀rọ tó ń yí iná bátìrì padà sí iná tí ilé ń lò. Èyí tó ń dẹ́rù bà mí jù ni bréékà, ohun tó ń gé iná tí nǹkan bá ṣe wáyà. Iná NEPA máa ń já sí òdo ní ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn ló ń jẹ́ kí iná tó bá ta nínú bréékà tètè kú, ṣùgbọ́n iná tó ń ti ara páńẹ̀lì wá, DC ni, iná tó ń ṣàn lọ sí ọ̀nà kan ṣoṣo, kì í já sí òdo, tó bá ti ta ó lè máa jó lọ títí bréékà á fi yọ́. Bréékà ti DC wà lọ́tọ̀. Ẹ lọ wo ilé tí wọ́n ṣe sólà sí ládùúgbò yín, kẹ́ ẹ béèrè èwo ni wọ́n fi síbẹ̀. Àwọn ọmọ tó ń ṣe é kì í ṣe ọ̀lẹ, wọn ò sì gọ̀, kò sẹ́ni tó kọ́ wọn ni, ìwé tó bá páálí wá, gẹ̀ẹ́sì tàbí ṣáínà ni.

Ti àwọn mẹkáníìkì náà ò yàtọ̀. Tí skánà, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ọkọ̀ wò, bá gbé kóòdù P0301 jáde, sìlíńdà àkọ́kọ́ ni ò jó epo bó ṣe yẹ, ó lè jẹ́ plọ́ọ̀gì, ó lè jẹ́ kọ́ìlì, ó lè jẹ́ ínjẹ́kítọ̀. Ẹni tí wọn ò kọ́ á kàn máa yọ èyí máa ti tọ̀hún bọ̀ ọ́, owó oníbàárà ló ń lọ.

Lójú tèmi, èdè ni ìdènà tó tóbi jù níbẹ̀, ó ju owó lọ. Ìlú wa yìí gan-an ni wọ́n sì ti fi hàn pé ó ṣeé tún ṣe. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀, tó ti di OAU báyìí, bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní St. Stephen's "A" ní Mọ́dákẹ́kẹ́, wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, gbogbo ẹ̀, fún ọdún 6, gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n dá kọ́ lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ yẹn ò gbẹ́yìn rárá, wọ́n ṣe dáadáa, títí kan nínú gẹ̀ẹ́sì fúnra ẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi dùn mí wọra nígbà tí ìjọba àpapọ̀ fagi lé ìlànà 2022 tó ní kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ nílé ìwé, ní oṣù kọkànlá 2025. Èmi náà, tí mo bá ń fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ mi, omi táǹkì ni mo fi ń ṣàlàyé, bí táǹkì ṣe ga tó ni volt, bí omi tó ń gba inú páìpù kọjá ṣe pọ̀ tó ni àmpù, kíá ló ti yé wọn.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ò le. Oníwáyà, mẹkáníìkì, télọ̀, gbogbo wa la lẹ́gbẹ́, gbogbo wa la ń ṣèpàdé, wọn ò ní máa wá wa kiri. Kí ìjọba Ọ̀ṣun àtàwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní OAU rán èèyàn wá, kódà kó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó gbọ́ Yorùbá dáadáa, kí wọ́n gbé páńẹ̀lì àti ínfátà dání, ká jọ tú u ká jọ tò ó. Kó bọ́ sí ìrọ̀lẹ́ o, ẹni tó ń jẹun òòjọ́ ò lè ti ṣọ́ọ̀bù fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ìwé ẹ̀rí náà wà nílẹ̀, NSQ ni wọ́n ń pè é, NBTE, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó wà fún ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, ló ń bójú tó o, ohun tọ́wọ́ ẹ lè ṣe ni wọ́n ń wò, kì í ṣe WAEC, ẹni tó ti mọṣẹ́ tẹ́lẹ̀ lè gbà á. Ọ̀pọ̀ nínú wa ò tíì gbọ́ ọ rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa kéde ẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín.

Kí wọ́n má sì yọ àwọn obìnrin sílẹ̀. Ọmọbìnrin kan ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, àwọn oníbàárà kan á ní kí n má jẹ́ kó gun òrùlé, bẹ́ẹ̀ òun ló mọ mítà á kà jù nínú gbogbo wọn.

Tí olùkọ́ kankan tó ṣe tán láti wá bá ka lẹ́tà yìí, kó kàn sí yín, àdírẹ́sì mi wà lọ́wọ́ yín. Ṣẹ́ẹ̀dì wa gba bí 30 èèyàn, a ó wá àga.

Èmi ni,
Oníwáyà kan ní Mọ́dákẹ́kẹ́, Ilé-Ifẹ̀.