Ẹ má lo dexamethasone lọ́jọ́ kìíní kòrónà

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa sọ ọ́ fáwọn òǹkàwé yín: dexamethasone kì í ṣe oògùn ìbẹ̀rẹ̀ kòrónà. Torí pé òkìkí rẹ̀ kàn ní 2020 pé ó ń gba ẹ̀mí là, àwọn kan ń sáré rà á ní kẹ́míìsì gbàrà tí ibà àti ikọ́ bá dé. Ewu ńlá ni.

Bí fáírọ́ọ̀sì yìí bá wọ sẹ́ẹ̀lì imú àti ọ̀fun, ó máa ń dí i lẹ́nu kó má baà tètè ké gbàjarè. Interferon ni igbe ọ̀hún. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ìtòsí tó bá gbọ́ ọ á tilẹ̀kùn mọ́rí. Ibà àti ara ríro tó ń yọ wá lẹ́nu, ìjà tí ara ń jà ni. Bí ọ̀sẹ̀ kan bá ń pé lọ, sẹ́ẹ̀lì T, ọmọ ogun inú ara wa, á máa pa àwọn sẹ́ẹ̀lì tí fáírọ́ọ̀sì ti gbà. Agbóguntàrùn inú ẹ̀jẹ̀ náà á yọjú láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta. (Ìdí nìyí tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń wá agbóguntàrùn lọ́jọ́ kẹta fi lè tan èèyàn jẹ. Inú imú ni kí wọ́n ti gba àyẹ̀wò.)

Gbogbo ọmọ ogun wọ̀nyí ni dexamethasone ń rọ̀ lọ́wọ́. Ẹni tó lò ó lọ́jọ́ kejì gba idà lọ́wọ́ wọn nígbà tí ọ̀tá ṣì ń ya wọlé.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni ọ̀rọ̀ máa ń yí padà fáwọn kan. Fáírọ́ọ̀sì ti ń dín kù, àmọ́ ogun ò dáwọ́ dúró: ẹ̀dọ̀fóró á wú, omi á kún àpò afẹ́fẹ́ inú rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á máa dì. Ìgbà yìí ni oògùn náà wúlò, 6 mg lóòjọ́, kó má ju ọjọ́ 10 lọ, lójú dókítà, torí ó ń gbé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sókè. Nínú ìwádìí RECOVERY nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó dín ikú kù ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta láàárín àwọn tí ẹ̀rọ ń ràn lọ́wọ́ láti mí, àti ìdá kan nínú márùn-ún láàárín àwọn tó ń gba ọ́síjìn nìkan. Kò ṣe àwọn tí kò nílò ọ́síjìn lóore kankan.

Ẹ máa ka ọjọ́ láti ìgbà tí àìsàn ti bẹ̀rẹ̀. Láti ọjọ́ karùn-ún, ẹ máa fi ẹ̀rọ tó ń wọn ọ́síjìn sí ìka lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Ẹ kọ́kọ́ nu ọ̀dà èékánná kúrò. Bí ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ bá wálẹ̀ ju 94% lọ, ilé ìwòsàn yá. Ẹ̀rọ yìí sì lè fi iye tó ga ju òótọ́ lọ hàn lára àwa aláwọ̀ dúdú, nítorí náà bí aláìsàn bá ń mí gúlegúle lẹ́yìn ìrìn díẹ̀, ẹ má dúró de nọ́ńbà.

Àwa nọ́ọ̀sì àti apòògùn kan,
Ìbàdàn