Ẹ̀jẹ́ Tí Bàbá Rẹ Jẹ́: Lẹ́tà sí Ọmọ Mi Tó Fẹ́ Gbéyàwó

Ìjerò-Èkìtì

Ọmọ mi, ọkọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó mi náà. Ara wa le, bàbá rẹ ń lọ sóko, ó ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ tí o bi mí lórí fóònù ni mo fẹ́ dáhùn, torí kì í ṣe ohun tí èèyàn ń sọ tán lórí ìdúró. O ní àlùfáà tó ń kọ́ yín ní kíláàsì ìgbéyàwó sọ pé inú ìgbéyàwó onígbàgbọ́ ló yẹ kí ayé ti máa rí bí ìfẹ́ Ọlọ́run ṣe rí. O ní kò yé ọ, pé ọ̀pọ̀ tọkọtaya tí o mọ̀, ìjà lo máa ń rí láàrin wọn. Òótọ́ lo sọ. Òótọ́ ni àlùfáà náà sọ pẹ̀lú, màá sì sọ ibi tí èmi ti rí i fún ọ.

O mọ̀ pé o ò tètè dé. Ohun tí o ò mọ̀ ni bí ilé yìí ṣe rí kí o tó dé. Ọdún ń gorí ọdún, a ò gbọ́ igbe ọmọ. A rí dókítà, a gbààwẹ̀, a lọ gbàdúrà ní Ẹfọ̀n-Aláayè, níbi tí ìsọjí Wòlíì Ayọ̀ Babalọlá dé ní 1930, tí wọ́n sì sin ín sí nígbà tó kú ní 1959. Bí mo bá lọ síbi ìkómọ, ẹ̀yìn pátápátá ni mo máa ń jókòó sí, kí ẹnikẹ́ni má baà gbé ọmọ tuntun lé mi lọ́wọ́ kó máa ṣàdúrà sí mi lórí. Bàbá rẹ á dìde láàrin àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀, á wá jókòó tì mí. Kò ní sọ nǹkan kan.

Ó wá di ọjọ́ kan, àwọn àgbà ẹbí rẹ̀ dé. Wọn ò bá ibi wá o. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n sì gbà pé àwọn ń ràn án lọ́wọ́ ni. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo bọ́ sẹ́yìnkùlé, mo gbé iṣu kaná. Fèrèsé pálọ̀ ò jìnnà sí ibi tí odó wà. Bí mo ṣe ń gúnyán ni mo ń gbọ́ wọn: àwọn ò ní kó lé mi, kó ṣáà mú ẹlòmíì wọlé tí yóò bímọ fún un, àbí ta ni yóò jogún oko? Mo dá ọmọ odó dúró. Mo fẹ́ gbọ́ ohun tí yóò sọ.

Ó kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ̀yin bàbá mi, gbogbo yín lẹ wà ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ tí mo fẹ́ ẹ. Ẹ gbọ́ nígbà tí mo jẹ́jẹ̀ẹ́ pé nínú àìsàn àti nínú ìlera, nínú ọrọ̀ àti nínú òṣì. Ṣé ẹ gbọ́ kí n ní, 'Bó bá bímọ fún mi'?" Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ló bá jáde wá bá mi, ó gba ọmọ odó lọ́wọ́ mi, ó gún iyán náà títí ó fi kúnná, òun fúnra rẹ̀ ló sì gbé e wọlé fún wọn. Wọ́n jẹun, wọ́n súre fún wa, wọ́n lọ. Wọn ò dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ mọ́.

Ọmọ mi, fetí sí èyí dáadáa. Ìwọ kọ́ ni owó ọ̀yà tí Ọlọ́run san fún bàbá rẹ nítorí pé ó dúró. Bẹ́ẹ̀ làwọn èèyàn ṣe máa ń ròyìn rẹ̀ nígbà ìdúpẹ́, mo sì máa ń jẹ́ kó kọjá. Mo ń dúpẹ́ lórí rẹ tọ̀sán tòru, ṣùgbọ́n ká ní o ò dé rárá, ẹ̀jẹ́ yẹn ì bá ṣì wà bó ṣe wà. Ó dúró tì mí nígbà tí kò rí ìdí kankan tó fi yẹ kó dúró, àfi pé ó ti sọ pé òun yóò dúró. Bí Ọlọ́run ṣe ṣe sí wa nìyẹn. Róòmù orí karùn-ún kò sọ pé ó dúró dìgbà tí a tún ara wa ṣe. Nígbà tí àwa jẹ́ ẹlẹ́ṣẹ̀ ni Kristi kú fún wa.

Ka Jẹ́nẹ́sísì orí kẹẹ̀ẹ́dógún. Ábúráhámù la ẹran sí méjì, ó tò wọ́n kọjú síra. Láyé ìgbà yẹn, àwọn tó ń dá májẹ̀mú a máa rìn kọjá láàrin ẹran bẹ́ẹ̀, bí ẹni ń sọ pé kí irú èyí bá òun bí òun bá dalẹ̀. Ṣùgbọ́n oorun ìjìkà kun Ábúráhámù, iná àti èéfín tó dúró fún Ọlọ́run nìkan ló kọjá. Ọlọ́run dá ẹrù májẹ̀mú náà gbé. Mo ti ka ibẹ̀ láìmọye ìgbà, síbẹ̀ ó ṣì máa ń gbọ̀n mí lára.

Lọ́jọ́ ìdána yín, alága yóò ní kí ìyàwó mú ohun kan nínú ẹrù tí a gbé wá. Yóò kọjá lára iṣu, oyin, iyọ̀ àti àpótí aṣọ, Bíbélì ni yóò gbé, àwọn èèyàn á pàtẹ́wọ́. Mo fẹ́ràn àṣà yẹn gan-an. Àmọ́ bí ẹ bá délé, ẹ jọ ṣí Bíbélì náà, kí ẹ sì ka ìwé Hóséà. Gómérì, ìyàwó wòlíì Hóséà, fi ọkọ rẹ̀ sílẹ̀, ó tẹ̀ lé àwọn ọkùnrin mìíràn, Ọlọ́run sì ní kí Hóséà lọ fẹ́ràn rẹ̀ padà. Fàdákà 15 àti ọkà báálì ló fi rà á. Ọlọ́run sọ fún Ísírẹ́lì nínú ìwé kan náà pé, "Èmi ó sì fẹ́ ọ fún ara mi títí láé."

Má ṣe kà á bí àwọn ọkùnrin kan ti máa ń kà á, bí ẹni pé ọkọ ni Ọlọ́run, tí ìyàwó sì jẹ́ Gómérì. Ìwọ àti òun, Gómérì ni yín. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ ó ṣẹ ara yín, ẹ̀yin méjèèjì ni Ọlọ́run sì ti rà padà, ìyẹn lẹ ó fi lè dárí ji ara yín. Bákan náà ni Éfésù orí karùn-ún. Àwọn kan á sáré dé ẹsẹ 22 tó ní kí aya tẹríba, wọn ò ní wo ẹsẹ 21 tó ní ká tẹríba fún ara wa, ẹsẹ 25 sì rèé, ó ní kí ọkọ fi ara rẹ̀ lélẹ̀ bí Kristi ti ṣe fún ìjọ. Tìrẹ ni ẹsẹ 25. Fi tìyàwó sílẹ̀ fún ìyàwó. Ọkùnrin tó bá sì ń na aya rẹ̀, tó wá ń fi Bíbélì dè é mọ́lẹ̀ pé kó fara dà á, irọ́ ló ń pa mọ́ Ọlọ́run. Bí mo bá gbọ́ irú rẹ̀ nílé rẹ, ẹ̀yìn ìyàwó mi ni màá wà.

Ní ti owó, ẹ jọ máa mọ iye tó ń wọlé àti iye tó ń jáde. Bí ẹ bá jà, ẹ parí rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, má sì gbé ẹjọ́ rẹ̀ wá bá mi. Ìwọ á gbàgbé, èmi lè má gbàgbé.

Bí ọmọ bá tètè dé, a ó yọ̀. Bó bá pẹ́, kí ẹ̀yin méjèèjì jọ lọ rí dókítà, torí ohun tó ń fa ìdádúró lè wà lára ọkùnrin bó ṣe lè wà lára obìnrin. Mo ṣèlérí fún ọ níwájú Ọlọ́run: èmi àti bàbá rẹ ò ní wá jókòó sí pálọ̀ yín láé láti bi yín léèrè, bí ẹbí bá sì fẹ́ wá, ọ̀dọ̀ wa ni wọn yóò kọ́kọ́ gbà kọjá.

Ka lẹ́tà yìí sí ìyàwó mi létí látòkè délẹ̀, má fo ibì kankan, pàápàá ibi tí mo ti ní ẹ̀yìn rẹ̀ ni màá wà.

Ìyá rẹ