Ẹ Béèrè Ọjọ́ Orí Ọmọ Kó Tó Ní Òun Jẹ̀bi

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Wẹ́dà ni mí ní Mushin. Ọmọ ọdún 16 kan tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi jí fóònù. Mi ò gbèjà olè o. Ṣùgbọ́n ọdún 19 ni wọ́n kọ sílẹ̀ fún un ní tẹ́ṣàn, nígbà tó sì dé kóòtù, ọlọ́pàá kan sọ sí i létí pé kó ṣáà ti ní òun jẹ̀bi, kọ́rọ̀ lè tán lọ́jọ́ náà. Kò ní lọ́yà. Ẹ̀wọ̀n ló gbà lọ.

Láti 2007 ni òfin Èkó ti gbà kí ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn bá agbẹjọ́rò ìjọba dúnàádúrà, kó gbẹ̀bi kí ìyà rẹ̀ lè fúyẹ́. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ òfin náà ní kí wọ́n kọ àdéhùn yẹn sílẹ̀, kí wọ́n sì kọ́kọ́ sọ fún onítọ̀hún pé ó lẹ́tọ̀ọ́ láti dákẹ́. Ṣé ọ̀rọ̀ etí wá ni àdéhùn? Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 sì ti là á mọ́lẹ̀ pé a kì í rán ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 lẹ́wọ̀n. Kóòtù ẹbí ni ẹjọ́ rẹ̀ ń lọ.

Mo bẹ àwọn adájọ́ májísíréètì: ẹ béèrè ìwé ìbí, tàbí kẹ́ ẹ ránṣẹ́ pe ìyá ọmọ. Kí ìjọba Èkó náà fi àwọn lọ́yà ọ̀fẹ́ rẹ̀ sí gbogbo kóòtù wọ̀nyí láàárọ̀, kí wọ́n tó ka ẹ̀sùn sí ọmọ kankan létí.

Èmi ni tiyín,
Ọ̀gá wẹ́dà kan, Mushin, Èkó