Ọjọ́ Òmìnira Ta Ni?

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ní ọjọ́ kẹrin oṣù Keje tó kọjá yìí, níbi àríyá tí ẹgbẹ́ wa ṣe ní Baltimore níhìn-ín, aláṣẹ ìlú kan gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó sì sọ fún àwọn ọmọ wa pé ọjọ́ náà gan-an, ní ọdún 1776, ni gbogbo ènìyàn ilẹ̀ Amẹ́ríkà di òmìnira. Ìpàtẹ́wọ́ gba gbogbo ibẹ̀. Èmi tí mo nawọ́ láti sọ̀rọ̀, wọ́n ní kí n má ba àríyá jẹ́.

Gbogbo ènìyàn kẹ̀? Ibi tí a ti ń jẹ jọ̀lọ́ọ̀fù lọ́jọ́ náà kò jìnnà sí Fells Point, níbi tí Frederick Douglass, ẹrú nígbà èwe rẹ̀ tó wá di gbajúmọ̀ asọ̀rọ̀ tó ń tako ìkónilẹ́rú, ti máa ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ àti ẹkún àwọn tí a fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè, bí àwọn oníṣòwò ẹrú ti ń dà wọ́n lọ lóru sínú ọkọ̀ ojú omi tí yóò kó wọn lọ sí New Orleans. Ó sá kúrò ní Baltimore ní ọdún 1838. Nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó ń tako ìkónilẹ́rú ní Rochester, ní ìpínlẹ̀ New York, pè é ní ọdún 1852 láti sọ̀rọ̀ ayẹyẹ òmìnira, ọjọ́ karùn-ún oṣù Keje ló sọ ọ́. Ó yin àwọn tó dá orílẹ̀-èdè náà sílẹ̀, ó yìn wọ́n dáadáa, kí ó tó wá sọ fún àwọn tó jókòó pé tiwọn ni ayẹyẹ náà, kì í ṣe tòun, nítorí pé ohun tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ yọ̀ ni ẹrú ń tìtorí rẹ̀ ṣọ̀fọ̀. Ẹrú tó wà nílẹ̀ náà nígbà yẹn lé ní mílíọ̀nù 3, òfin ọdún 1850 sì ti fàyè sílẹ̀ kí a máa mú ẹni tó bá sá dé Àríwá, àwọn ìpínlẹ̀ tí kò gba oko ẹrú láyè, padà fún olówó rẹ̀. Douglass ní òun kò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn bóyá ènìyàn ni ẹrú. Àwọn baba tiwa, tí àwọn náà kó ẹrú (mo mọ̀ pé a kì í fẹ́ gbọ́ ọ), ni wọ́n ṣáà sọ pé ẹrú ní baba, ọ̀nà ló jìn.

Mo tún un sọ: ọdún 1776 kò dá ẹrú sílẹ̀. Oṣù Kejìlá ọdún 1865 ni òfin tó fòpin sí oko ẹrú káàkiri orílẹ̀-èdè náà múlẹ̀, ọdún 89 gbáko lẹ́yìn náà. Àwọn aláṣẹ wọ̀nyí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí kò ní da oúnjẹ rú mọ́ wọn lẹ́nu ni wọ́n ń wá.

Ohun tí mo fẹ́ ni pé kí ẹgbẹ́ wa máa pàdé ní ọjọ́ karùn-ún oṣù Keje lọ́dọọdún, kí a ka ọ̀rọ̀ Douglass sókè, bí àwọn ìlú kan ní Massachusetts ti ń ṣe. Ó gùn, nítorí náà kí a pín in: kí àgbà kan ka ìbẹ̀rẹ̀, kí ọmọdé ka ibi ìró ẹsẹ̀ lóru, kí àwọn olórí ìjọ fúnra wọn ka ibi tí ó ti bá ìjọ wí, ìbáwí náà kò sì kéré. Kí a túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá fún àwọn ìyá wa tó wá kí wa láti ilé. Kí ìlù má dún, kí a má sì bu oúnjẹ, títí a ó fi kà á tán. Kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ náà máa kọ́ ọ. Bí aláṣẹ ìlú bá sì tún wá lọ́dún tó ń bọ̀, kí a fún un ní abala tirẹ̀ kà.

Èmi ni tiyín,
Bàbá Ìbejì,
Baltimore, Maryland.