Àlàmú, fáìlì Ìbàdàn tí o ń wá

Àlàmú ọ̀rẹ́ mi,

Mo kí ọ, mo kí ará ilé. Ìdí tí o kò fi rí fáìlì owó orí abúlé yín ni pé abẹ́ Ìbàdàn nìkan lò ń wò. Abẹ́ Ọ̀yọ́ ló yẹ kó o kọ́kọ́ wò.

Ìbàdàn tó ń rán ajẹ́lẹ̀, ìyẹn aṣojú tó ń bójú tó ìlú, sí ìlú onílùú tẹ́lẹ̀, lóṣù kẹjọ ọdún 1893 ló tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn pẹ̀lú ìjọba Èkó, ni Captain Bower bá wá di ajẹ́lẹ̀ lórí òun náà. Ayé ń yí! Ní 1897, ajẹ́lẹ̀ Fuller kó Baálẹ̀, olórí Ìbàdàn nígbà náà, àtàwọn olóyè jọ sínú káńsù. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn 1914, Ross tó jẹ́ ajẹ́lẹ̀ àgbà l'Ọ́yọ̀ọ́ fi Aláàfin ṣe olórí, ó so Ìbàdàn mọ́ ọn nídìí. Baálẹ̀ Ṣítù ò bá wọn rẹ́; wọ́n yọ ọ́ lóyè ní 1925.

Owó orí dé ní 1918. Baálẹ̀ abúlé á gbà á lọ́wọ́ ará oko, á kó o fún bàbá kékeré, ìyẹn olóyè ìgboro tó ń ṣojú abúlé náà. Òun ló ń jẹ́ kó dé àpò ìjọba ìbílẹ̀. Ọwọ́ mẹ́ta lowó kan ń gbà kọjá, olúkúlùkù sì ní èyí tó ń retí níbẹ̀. Bó bá dín, ará oko náà ni wọ́n ń padà lọ bá.

1934 ni Ìbàdàn bọ́ kúrò lábẹ́ Ọ̀yọ́, tó ní Native Authority (ìjọba ìbílẹ̀) tirẹ̀. Lójú tèmi, ọdún yẹn ju 1936 tí Baálẹ̀ di Olúbàdàn lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 1936 ni gbogbo ayé ń pariwo.

Òfin ìjọba ìbílẹ̀ ti 1952 gbé ìbò dé: iye olóyè inú káńsù ò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta iye àwọn tí a dìbò yàn. Adégòkè Adélabú di alága káńsù Ìbàdàn ní 1954. Ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú NCNC ni, ẹgbẹ́ Action Group ló sì ń ṣèjọba ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn. Wọ́n gbé ìwádìí tí Nicholson ṣe dìde lórí káńsù náà, wọ́n sì tú káńsù náà ká ní 1956. Owó orí ṣì ń dá wàhálà sílẹ̀ títí àwọn àgbẹ̀ fi ya bo gbọ̀ngàn Mápó n'Ìbàdàn lóṣù kọkànlá 1968, nígbà Àgbẹ́kọ̀yà, ìyẹn ìjà àwọn àgbẹ̀ lórí owó orí.

National Archives tó wà nínú ọgbà University of Ibadan ni kó o lọ. Fún àwọn ọdún tó ṣáájú 1934, "Oyo Prof" (àwọn fáìlì ẹkùn Ọ̀yọ́) ni kó o kọ́kọ́ béèrè, lẹ́yìn náà "Iba Div" (ti Ìbàdàn). Kọ orúkọ abúlé àti ti bàbá kékeré yín sílẹ̀ kó o tó wọlé.

Èmi ni,
Àkànní